Yàrá Tí Ó Wà Lókè Ìsọ̀: Ilé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ti Rochdale

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá dé ìlú Rochdale ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì yà sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Toad Lane, yóò rí ilé bíríkì kan tí kò ga púpọ̀, tí kò gbòòrò, tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ kan lára tí ó lè mú èrò ọ̀nà dúró. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: ti ìsàlẹ̀, ti àárín, àti ti òkè pátápátá. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Síbẹ̀ inú ilé yìí ni òfin tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé ń tẹ̀lé ti fìdí múlẹ̀. Òfin náà ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé fúnra rẹ̀ ni a kì í sábà mẹ́nu kàn, bóyá nítorí pé kò lẹ́wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ètò rẹ̀, ohun tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbé lọ sí òkè, yóò mọ irú ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé òfin wò rárá.

Iṣẹ́ aṣọ híhun ni iṣẹ́ ìlú Rochdale, pàápàá aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun. Nígbà tí ó fi di ọdún 1844, nǹkan ti le fún àwọn ahunṣọ. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó iṣẹ́ ti wálẹ̀, wọ́n sì ti gbìyànjú láti da iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá lè fi kún owó wọn, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Lọ́jà, àwọn oníṣòwò kan a máa po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, a sì máa ta àwìn fún àwọn òṣìṣẹ́ títí gbèsè yóò fi dè wọ́n mọ́ ìsọ̀ kan ṣoṣo, tí wọn kò ní lè lọ síbòmíràn bí ọjà ibẹ̀ tilẹ̀ burú. Àwọn ènìyàn 28 ni ó kó ara wọn jọ nínú ìnira yìí. Kì í ṣe ahunṣọ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Kọ́bọ̀ méjì méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lọ́sẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di tọ́rọ́, títí tí owó náà fi di £28, £1 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ bí èsúsú ti ń rí yóò mọ ohun tí irú ìfọwọ́ṣọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe pọ̀ ju agbára £28 lọ fíìfíì. Ìsọ̀ oúnjẹ àti aṣọ ni ó ṣáájú. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé tàbí kí ó ra ilé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti máa gbé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó mẹ́nu ba ilé iṣẹ́ ọwọ́ àti ilẹ̀ oko. Èrò ilé wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní agbára láti to bíríkì méjì léra.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi háyà. Ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà nínú ilé Toad Lane, ní £10 lọ́dún. Ẹni tí ó ni ilé kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ jẹ́ ayálégbé òun, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn, Charles Howarth, fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù December, ọdún 1844, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Bọ́tà ìwọ̀n pọ́n-ùn 28, ṣúgà ìwọ̀n pọ́n-ùn 56, ìyẹ̀fun ìwọ̀n pọ́n-ùn 672, àpò ọkà ọ́ọ̀tì lílọ̀ kan àti àbẹ́là díẹ̀ ni gbogbo ọjà tí ó wà nílẹ̀. Iye rẹ̀ kò tó £17. Pákó tí wọ́n gbé lé orí àgbá ni káńtà wọn. Àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ òwú dúró síta, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn oníṣòwò àdúgbò sì ń wò wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ nínú yàrá yìí. Láyé ìgbà náà, ẹwà ìsọ̀ ni ìpolówó rẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá lówó a ṣe fèrèsé dígí ńlá sí iwájú, a tan iná gáàsì sí i kí ọjà lè máa dán lójú, a sì to káńtà tí ó ní ọ̀ṣọ́. Ìsọ̀ Toad Lane kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ògiri lásán ni, ilẹ̀ òkúta, pákó, àti òṣùwọ̀n. Àìní ni ó fa èyí, kì í ṣe ọgbọ́n; ẹni tí ó bá ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ ń sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n àìní náà bá òfin wọn mu. Wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní ta àwìn, pé òṣùwọ̀n àwọn yóò pé, pé àwọn kò ní po nǹkan mọ́ oúnjẹ. Níwọ̀n bí ẹni tí ń rà ti jẹ́ ẹni tí ó ni ìsọ̀, kò sí ẹni tí ó kù tí a ó fi dígí àti iná tàn wọlé. Èrè tí ó bá sì ṣẹ́kù ní òpin ìdá mẹ́rin ọdún, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti ra ọjà tó ni yóò ṣe gbà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń pe irú ẹgbẹ́ yìí sọ ọ́ ní ṣókí: a jẹ, ó sì ṣẹ́ kù.

(Ní àkókò kan náà, ní etí òkun tiwa, àwọn òyìnbó ìjọ C.M.S. ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, tí wọ́n sì parí ní ọdún 1845. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Bí wọ́n bá rántí rẹ̀, wọn yóò lè fojú inú wo bí ilé Toad Lane ti mọ níwọ̀nba.)

Ní ọdún kejì, ọmọ ẹgbẹ́ ti di 74. Wọ́n fi ẹran títà kún ọjà ní ọdún 1846, wọ́n fi aṣọ kún un ní ọdún 1847. Ní ọdún 1846 yìí kan náà ni obìnrin kan, Eliza Brierley, di ọmọ ẹgbẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ohun ìní obìnrin tí ó bá ní ọkọ, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ẹnì kan, ìbò kan ni, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ní ìpín kan ìbáà ní ogún.

Ọdún 1849 ni ilé náà wá di odindi. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ wá ń lo gbogbo ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibi ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń lo ìpele òkè fún tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ògiri ibẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tí wọn yóò tún fi í ṣe. Oníṣòwò mìíràn ìbá kó ẹrù síbẹ̀, tàbí kí ó fi ọjà aṣọ gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi apá kan kó ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìwé ìròyìn àti ìwé kíkà, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ lè jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n fi í sínú òfin pé nínú èrè ọgọ́rùn-ún, méjì àbọ̀ yóò máa lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ ní owó ìgbà náà yóò rí i pé sísì kan ni ó jẹ́ nínú èrè pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Sísì yìí ni ó ń ra ìwé. Òun náà ni ó ra awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ àti awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lọ sílé bí ẹni yá abọ́. Ahunṣọ tí kò ní ju iyàrá méjì lọ fún ìyàwó àti ọmọ ń gbé awò ìràwọ̀ kọjá ní Toad Lane lálẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé oníṣòwò lásán máa ń ní ìsọ̀, àká, àti ọ́fíìsì; bí ó bá ní yàrá mìíràn lókè, olówó ìsọ̀ àti ìdílé rẹ̀ ni ó ń gbé ibẹ̀. Ní Toad Lane, ibi tí olówó ìsọ̀ ìbá máa gbé ni àwọn tí wọ́n ni ìsọ̀ ti ń pàdé. Ìsàlẹ̀ ń bọ́ òkè, òkè sì ń ṣọ́ ìsàlẹ̀, nítorí àwọn tí ó ti ka ìwé ìròyìn tán lókè ni yóò béèrè ní ìpàdé pé èéṣe tí iye owó ìyẹ̀fun fi rí báyìí. Yorùbá kò ní ṣàì mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé ni. Kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń sùn, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, agbo ilé kò sí. Àwọn iyàrá tí wọ́n kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni yóò kù. Ìyàtọ̀ kan ni pé àjọ àti èsúsú wa kò kọ́ ilé fún ara wọn rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí wọn, tàbí abẹ́ igi lọ́jà, ti tó wọn, nítorí pé gbogbo wọn mọ ojú ara wọn. Ìgbà tí ẹgbẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan lè gbà ni ọ̀rọ̀ ilé máa ń dìde.

Ó sì dìde ní Rochdale kíákíá. Ní ọdún 1849 kan náà, báńkì ìfowópamọ́ ìlú náà wó lulẹ̀ nítorí jìbìtì ẹni tí ń bójú tó o, àwọn tí ó pàdánù owó wọn níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìyókù wá sí Toad Lane. Ìsọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti wá dájú ju báńkì lọ. Ní ọdún 1860 ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 3,400. Ìlú kún fún ẹ̀ka ìsọ̀ wọn.

Ní ọdún 1867 wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun, Ìsọ̀ Àárín Gbùngbùn, ní òkè Toad Lane kan náà. Ilé yìí kò tijú. Ó ga ju àwọn ilé ìtajà tí ó yí i ká lọ, ó sì ń fi ara rẹ̀ hàn láti ọ̀nà jíjìn. A lè bi í léèrè pé kí ni ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí pákó àti àgbá ń fi irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdáhùn kan ni pé àwọn òtòṣì pẹ̀lú fẹ́ ilé tí wọn yóò nawọ́ sí pé tiwa ni, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdáhùn tí ó wúlò jù fún ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé ni pé kí ó wo inú. Ọjà ní ìsàlẹ̀. Yàrá ìgbìmọ̀, yàrá ìwé àti yàrá ìwé ìròyìn lókè wọn. Gbọ̀ngàn ńlá fún ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní òkè téńté. Ilé Toad Lane náà ni wọ́n tún kọ́, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Irú ètò yìí tàn ká àwọn ìlú òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi jẹ́ pé lára ọ̀pọ̀ ilé alájẹṣẹ́kù àtijọ́ níbẹ̀, fèrèsé gíga gbọ̀ngàn ṣì hàn lókè ìsọ̀, àwòrán ilé oyin tí wọ́n gbẹ́ sí ara òkúta sì wà lórí ilẹ̀kùn, nítorí pé oyin kì í ṣiṣẹ́ lóun nìkan. Ilé ńlá ti 1867 kò sí mọ́. Wọ́n ti wó o. Ilé kékeré tí wọ́n háyà ni ó kù. Ẹgbẹ́ ti fi í sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ti lò ó, kí àwọn alájẹṣẹ́kù tó tún gbà á padà, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1931 gẹ́gẹ́ bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní ọdún 2012.

Manchester, ìlú ńlá tí ó wà nítòsí Rochdale, ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan ní ọdún 1863 láti dá ẹgbẹ́ alátàpọ̀ sílẹ̀, tí yóò máa ra ọjà fún gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé lé ilé níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tí ó ga jù ni ilé ìdójútòfò àwọn alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1962: ìpele 25, gíga mítà 118. Gordon Tait àti G. S. Hay ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́kọ́ lọ wo irú rẹ̀ ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Irin àti dígí ni ara ilé. Ọwọ̀n tí ẹ̀rọ agbéniròkè àti àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀ kò ní fèrèsé, òkúta wẹ́wẹ́ bíi mílíọ̀nù 14 ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí i tí àwọn òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́. Wọ́n mú un mọ́ra fún ogójì ọdún ó lé, títí wọ́n fi bo ọwọ̀n náà pẹ̀lú pátákó 7,244 tí ń fa iná mànàmáná láti ara oòrùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Ilé náà lẹ́wà, àbùkù rẹ̀ sì ti di èrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1963 àwọn ayàwòrán ilé kan náà parí ọ́fíìsì mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì so gbọ̀ngàn kan mọ́ ọn tí ó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó ti di olówó, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí òkè ojú ọ̀run, kò gbàgbé yàrá òkè Toad Lane. Ó kàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìgboro ni, níbi tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú lè wọlé. Nígbà tí ẹgbẹ́ kó lọ sí ilé tuntun ní ọdún 2013, ilé àtijọ́ wọ̀nyí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé tuntun náà pàápàá, ẹgbẹ́ tà á ní ọdún yẹn kan náà, ó sì ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, bí Howarth ti ṣe ní 1844. Ní ti gbọ̀ngàn, wọ́n tún un ṣí ní ọdún 2022, orin ni wọ́n sì ń kọ níbẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé tààrà láti Rochdale ni ètò yìí ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà rẹ̀ lọ́rì. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó kòkó wọn jọ láti tà pọ̀. Ní ọdún 1934 C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, gbé ìròyìn rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní ọdún 1935, tí a wò láti ara ti Íńdíà. Ti Íńdíà fúnra rẹ̀ sì ti wo àwọn ẹgbẹ́ ayánilówó ilẹ̀ Jámánì. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé owó yíyá àti kòkó títà ni ó ṣáájú ní ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ìsọ̀ bọ́tà àti ìyẹ̀fun.

Síbẹ̀, nígbà tí ó kan ilé kíkọ́, ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà dá Báńkì Alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew, àwọn tí ó ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó sì ya àwòrán ilé wọn ní àárín ìgboro, ní ìhà Dùgbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kọ́ bí a ti ń kọ́ ilé fún ilẹ̀ olóoru: kí ojú ilé tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn má baà gún inú yàrá, kí afẹ́fẹ́ gba ìhà kan wọlé kí ó gba ìhà kejì jáde, kí kọnkéré tí a yọ síta ṣíji bo fèrèsé. Kò sí ohun tí ó jọ bíríkì Rochdale lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ́fíìsì nìkan. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san pè é, ọmọ Ìbàdàn tí ó ṣe ààrẹ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀ Oòrùn, tí ó sì kú ní ọdún 1963. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àgbẹ̀ tí ó bá ti abúlé kòkó wá sí ilé yìí, kì í ṣe orí káńtà nìkan ni ó ní láti dúró sí. Àyè ìjókòó wà fún un níbẹ̀.

Ní ọdún 2006 báńkì náà dà pọ̀ mọ́ báńkì mẹ́rin mìíràn láti di Skye Bank, orúkọ alájẹṣẹ́kù sì kúrò lára iṣẹ́ báńkì ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2018 Skye Bank pẹ̀lú kógbá wọlé, Polaris Bank sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn Ọbísẹ̀san ṣì wà ní Dùgbẹ̀, ìgbéyàwó àti ìpàdé ni àwọn ará ìlú sì ń gbà á fún.